Ta ló ní kí wọ́n tún gé e? Lẹ́tà ṣíṣí sí ọ̀gá àgbà FCCPC

Sí Ọ̀gbẹ́ni Túnjí Bello,
Ọ̀gá àgbà àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà, FCCPC,
Àbújá.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ẹni tó bá gbà láti máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà ti gba iṣẹ́ tí kì í tán, nítorí náà n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti epo bẹntiróòlù, kì í ṣe ti ìrẹsì, kì í sì í ṣe ti iná mànàmáná. Owó kékeré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún náírà péré, tó ń jáde nínú àkáǹtì tàbí lórí fóònù èèyàn lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

Fóònù ni mo ń tà ní Ìbàdàn, mo sì ní ẹ̀rọ POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí irú òwò yìí, oríṣiríṣi ẹjọ́ ni yóò máa gbọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù báyìí ni ti ẹni tó na fóònù sí mi pé, "Ẹ bá mi wo álàátì yìí, ta ló gé owó mi?" Orúkọ tó wà lórí álàátì náà kì í sábà jẹ́ orúkọ áàpù tí onítọ̀hún mọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ni, tàbí lẹ́tà mẹ́rin márùn-ún tí kò ní ìtumọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Báńkì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ èébú. Tí a bá wá tú fóònù náà wò dáadáa, a ó bá áàpù kan tí ọmọ ilé fi tún fọ́tò ìkómọ ṣe. "Ọjọ́ méje ọ̀fẹ́" ni wọ́n kọ sí i lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn, áàpù ọ̀hún kò tilẹ̀ sí lórí fóònù mọ́, wọ́n ti pa á rẹ́ tipẹ́, owó kàn ń lọ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyẹn, sà. Pípa áàpù rẹ́ kì í fòpin sí subscription, ìyẹn àdéhùn owó tí áàpù máa ń gé látìgbàdégbà. Google àti Apple fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ wọ Play Store, kó tẹ àwòrán ara rẹ̀ lókè, kó lọ síbi tí ọ̀rọ̀ owó sísan àti subscription wà, kó tó rí ibi tí yóò ti fagi lé e. Lórí iPhone, inú Settings ló wà, lábẹ́ orúkọ ẹni. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, ti àwọn méjèèjì yìí ṣì rọrùn fún ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń da wá láàmú ni àwọn tó gba káàdì lójú ewé tiwọn, tí o bá wá fẹ́ jáde, wọ́n á ní kí o kọ íméèlì, kí o pe nọ́ńbà kan ní òkè òkun, kí o dúró de òṣìṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi fẹ́ lọ.

Àwa kọ́ la dá irú ètò yìí sílẹ̀, kò sì bá bí a ṣe ń náwó mu. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, káàdì la fi ń pe fóònù. Tówó bá tán, ìpè dúró. Mítà iná tí a ń ra owó sí, bákan náà ni. DStv tí gbogbo ilé ń bá jà nítorí owó tí wọ́n ń fi kún owó, kódà òun náà, tí o kò bá san, àwòrán á lọ, kò sẹ́ni tí yóò wá ti ọwọ́ bọ àpò rẹ. Ẹni tó fẹ́ kí n tún san ni yóò wá bá mi. Alájọ tó ń gba owó lọ́jà Bódìjà, iwájú ìsọ̀ ló máa ń dúró. Tí ìyá bá ní "tòní ò sí," yóò fi kálámù pamọ́, yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyá náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe auto-renewal, ìyẹn kí owó máa gé fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé, ló ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn bá fi káàdì sí i, báńkì á fi OTP ránṣẹ́, onítọ̀hún á tẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè mú owó láìsí OTP. Ohun tí kò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ tó ń bá áàpù gba owó ti tọ́jú káàdì yẹn bí àmì kan tí wọ́n ń pè ní token. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, token ni wọ́n gbé síwájú báńkì, OTP kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan á ní àwọn ti gba káàdì tuntun, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó lè má tán o. Visa àti Mastercard ní ètò kan tí báńkì lè wọ̀, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pààrọ̀ káàdì fún oníbàárà, nọ́ńbà tuntun náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́, kí owó wọn má bàa dáwọ́ dúró. Wọ́n ronú débẹ̀ fún ẹni tó ń gba owó. Ta ló ronú débẹ̀ fún oníbàárà?

Kí á wá fi ti dọ́là kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ohun tó ń gba dọ́là mẹ́wàá lóṣù jẹ́ nǹkan bí ₦4,600 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ owó. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, CBN, báńkì àpapọ̀ wa, tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, dọ́là mẹ́wàá kan náà ti tó ₦15,000. Iye tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sójú ewé rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà kò kọ íméèlì, kò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ló lọ. Nígbà tí dọ́là ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ báńkì kò jẹ́ kí káàdì náírà ra ọjà òkè òkun mọ́; ní 2025, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan, ó ṣí fún ẹni tó fẹ́ gé owó pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ní káàdì báńkì nìkan ni, sà. Àwọn ìyá àgbà tó ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì máa ń wá bá mi pé àwọn ra káàdì ₦500, kí àwọn tó pe ọmọ, ó ti dín. Tí a bá wò ó, orin tí ẹni tó bá pè wọ́n máa ń gbọ́ ni wọ́n ń san owó lé lórí, tàbí àdúrà àràárọ̀, tàbí ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ìyá tí kò mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló ń sanwó ìròyìn Premier League. Kí ló ṣe? Nǹkan kan dédé yọ lójú fóònù, ó ní kí ó tẹ OK, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè kúrò níwájú òun.

NCC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbìyànjú níbẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Tí èèyàn bá fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, ìpolówó tí kò béèrè fún yóò dúró. Láti 2023, wọ́n ti ní kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lo kóòdù kan náà, 305 sì ni ti ẹni tó fẹ́ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá gbọ́, 622 ni ti ẹjọ́. Àmọ́ ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ẹni tí wọ́n gé owó rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ há kóòdù sórí, ẹni tó gé e kò níláti há nǹkan kan.

Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí, kì í ṣe NCC, kì í sì í ṣe CBN, nítorí lọ́dọ̀ yín ni òfin tó gbòòrò jù wà. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, kò fi wá sílẹ̀ lásán. Abala 120 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti béèrè fún ṣáájú, kó kàn san owó ìfagilé tó bá mọ́gbọ́n dání. Abala 127 kò fàyè gba àdéhùn tó ń rẹ́ni jẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Abala 114, tó ní ohun tí wọ́n bá kọ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó mọ̀wé níwọ̀nba, tí kò sì ní ìrírí púpọ̀, lè kà kó yé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àdéhùn áàpù èyíkéyìí, ẹ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga ní Ìbàdàn kó kà á, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa gé owó àkọ́kọ́, àti pé ọ̀nà wo ni yóò gbà dá a dúró. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù lọ ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà aláwọ̀ eérú tín-ín-rín kọ sí abẹ́ bọ́tìnnì gbàgàdà tó ní "Bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́". Ẹni tó ṣètò ojú ewé náà kò ṣèèṣì.

Abala òfin kì í dìde fúnra rẹ̀ lọ mú ẹnikẹ́ni, sà. Ìlànà la nílò, Abala 163 sì fún yín lágbára láti ṣe é. Ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2025, ẹ gbé ìlànà jáde lórí àwọn tó ń yáni lówó lórí áàpù, lára ohun tí ẹ sì kà léèwọ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n máa ti owó yíyá bọ àkáǹtì ẹni tí kò béèrè. Mo pàtẹ́wọ́ fún yín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí kò bá tọ́ kí wọ́n fún èèyàn lówó láìbéèrè, báwo ló ṣe tọ́ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè?

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín ní ọ́fíìsì pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ti tóbi jù fún wa, ẹ rán an létí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp. Àjọ yín bu owó ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé wọn lórí ní 2024, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje ọjà àti oníbàárà sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2025.

Ìjà yìí kì í ṣe ti wa nìkan. Ní oṣù kẹfà 2023, FTC, àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pe Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́jọ́ lórí Prime, subscription tiwọn. Wọ́n ní títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ti tó láti wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jáde yóò la ojú ewé mẹ́rin kọjá, yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹfà, yóò sì bá àṣàyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pàdé. Ohun tó dùn mí nínú ẹjọ́ náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ̀nà àbájáde yẹn lórúkọ láàárín ara wọn. Iliad ni wọ́n pè é, orúkọ ewì gígùn àwọn Gíríìkì nípa ogun Tírójà. Ẹni tó bá sọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní orúkọ ogun, ó mọ̀ pé èèyàn kò ní tètè rí ọ̀nà jáde. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là, bílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú rẹ̀ sì ni wọ́n ní kó padà sọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Wọn kò gbà pé àwọn ṣẹ̀ o. Wọ́n kàn sanwó.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ kí àwọn amòfin yín fi ọkàn sí. FTC kan náà gbé ìlànà jáde ní oṣù kẹwàá 2024 pé jíjáde nínú subscription gbọ́dọ̀ rọrùn bíi wíwọlé. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ní oṣù keje 2025, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ rí ohun tó burú nínú èrò náà. Òfin wọn ní bí ìlànà bá máa ná ọjà ní ju iye kan lọ, àjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ohun tó máa ná oníṣòwò, kó sì gbé ìṣirò náà síta fún ìlú láti dá sí. FTC fo ìgbésẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiwa, ẹ má fo nǹkan kan. Ẹ pe àwọn oníáàpù, ẹ pe àwọn báńkì, ẹ gbọ́ tẹnu wọn, ẹ ṣírò ohun tó máa ná wọn, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn pọ̀ ju tiwa lọ.

Ní Jámánì, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022 ni òfin ti ní kí ẹni tó ń ta irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fi bọ́tìnnì ìfagilé síbi tí ojú lè tó o. Ìyẹn dára. Síbẹ̀, ti Íńdíà ló wù mí jù, torí àwọn náà ń ra nǹkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò sí nílùú wọn, bíi tiwa. Ọ̀dọ̀ báńkì ni wọ́n gbà wọ ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2021, báńkì àpapọ̀ wọn ní kí báńkì oníbàárà fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí i ó kéré tán wákàtí 24 kí wọ́n tó gé owó, kó sọ iye àti ẹni tó fẹ́ gbà á, kí oníbàárà sì lè kọ̀ níbẹ̀. Tí owó náà bá ju rúpì 5,000 lọ, tí wọ́n gbé sókè sí 15,000 ní 2022, kò lè lọ àfi kí oníbàárà tún fọwọ́ sí i. Kò lọ wọ́ọ́rọ́ o. Wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ní oṣù mẹ́fà, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ owó tó yẹ kó lọ ni kò lọ, torí báńkì àti oníṣòwò kò tíì múra tán. Ariwo sọ. Wọ́n ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìdí tí mo fi yan ti Íńdíà ni pé áàpù fọ́tò tí n kò mọ orílẹ̀-èdè tó wà, ẹ kò lè fi ìwé pè é wá sí Àbújá kó sì wá. Ṣùgbọ́n báńkì wà níbí. Káàdì, ìhín ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibi tí owó ti ń jáde wà lórí ilẹ̀ wa, lábẹ́ CBN, Abala 105 òfin yín sì ti sọ bí ẹ ṣe máa bá àwọn àjọ tó ní ẹ̀ka tiwọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí ẹ̀yin àti CBN jókòó papọ̀. Kí álàátì máa ṣáájú owó, kó má ṣe tẹ̀ lé e. Kí iye tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ náírà, ní bí dọ́là ṣe rí lọ́jọ́ náà. Kí áàpù báńkì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan tí èèyàn ti lè rí gbogbo ẹni tó ní àṣẹ láti gé owó rẹ̀, kó sì lè gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ wọn láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní áàpù báńkì, kí ó lè ṣe é lórí USSD, kóòdù tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù èyíkéyìí, torí àwọn ìyá tí mo sọ lókè yìí kò ní fóònù ńlá.

Ti "ọ̀fẹ́" yẹn, èmi gan-an fẹ́ kí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀fẹ́ bá ti parí, ó parí. Kí wọ́n tún wá béèrè. Ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ yóò sanwó, ẹni tí kò bá sì dáhùn, kí wọ́n kà á sí pé ó ti lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn oníṣòwò máa sọ fún yín. Wọ́n á ní auto-renewal ń ran oníbàárà lọ́wọ́, kí iṣẹ́ má bàa já lójijì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì wà ládùúgbò wa, tí orúkọ wẹ́bùsáìtì oníbàárà rẹ̀ bá lọ nítorí owó ọdún kan tí kò san, òun ló máa ṣàlàyé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan auto-renewal, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú kò pa á lára. Ẹni tó máa pa lára ni ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ lára ìgbàgbé èèyàn, òun náà sì mọ ara rẹ̀.

Wọ́n á tún ní kí oníbàárà máa ṣọ́ àkáǹtì ara rẹ̀. Àwọn kan ládùúgbò mi náà ń sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tí ó ṣì kù díẹ̀ kí ó kàn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣètò ojú ewé áàpù ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kí ojú má lè rí bọ́tìnnì ìfagilé. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ láti aago márùn-ún ìdájí kò lè máa bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣọ́ra títí ọdún á fi yí po.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìròyìn rí mọ bí ìwé ìjọba ṣe máa ń rí tí ó bá kọ́kọ́ jáde: èdè amòfin, tí ó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Tí ẹ bá gbé àkọsílẹ̀ ìlànà náà síta kí ìlú lè dá sí i, ẹ jẹ́ kí ó wà ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò àti ní Píjìn pẹ̀lú. Ẹ sì ránṣẹ́ sí àwa tó ń ta fóònù àti àwa oní-POS. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ náà máa ń kọ́kọ́ dé, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí ó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ṣọwọ́ sí CBN àti NCC.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣòwò fóònù kan, Ìbàdàn.